Iwọ ni, àbí kì í ṣe iwọ? Ewé kan ń dá ìjà sílẹ̀ nílé mi ní Salford

Àdùkẹ́_Salford

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí màmá mi tó gbé ìkòkò kaná. Láti Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti wá kí wa, ọ̀sẹ̀ kẹta wọn rèé. Lánàá a ń rìn lẹ́bàá odò Irwell nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àfi bí Màmá ṣe dúró síwájú ewé kan. Wọ́n já a, wọ́n fọwọ́ rà á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Artemisia tí wọ́n ń sọ lórí rédíò nìyí, èyí tó ń wo ibà!" Kí n tó wẹ̀yìn, wọ́n ti já ẹ̀kún ọ̀rá kan. Inú fìríìjì ló wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wàrà àwọn ọmọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ní irọ́ ni, iwọ ni, ewé kíkorò inú Bíbélì, pé ẹni tó bá mu ún ti mu ìbínú Ọlọ́run. Èmi ò mọ ta ni kí n gbà gbọ́. Ohun tí mo rí rèé: ó ga dé àgbọ̀n mi, igi rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ewé rẹ̀ là wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí èèyàn fi àlùmọ́gàjí gé e, ó sì ní òdòdó kéékèèké lórí tí kò jọ òdòdó. Mo ya fọ́tò, àmọ́ ọwọ́ Màmá ló bo gbogbo rẹ̀.

BàbáEléwé_Ìbàdàn

Bá mi kí Màmá, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sè é ná. Láti kékeré ni mo ti ń já ewé, mi ò sì jẹ́ já èyí tí mi ò mọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ewé ilẹ̀ ibòmíràn ni èyí, mi ò rí i kó hù lóko wa níhìn-ín rí, nítorí náà mi ò ní díbọ́n. Ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé o wo ẹ̀yìn ewé náà? Ojú ewé máa ń tanni jẹ.

Kọ́lá_Maryland

Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ragweed nìyẹn. Láti oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kẹwàá ni mo máa ń sín bí ewúrẹ́ tó fimú kan ata, ragweed náà ni dókítà sì ní ó fà á. Ó fi hàn mí nínú fọ́tò: ó ga, ewé là wẹ́wẹ́, òdòdó tí kò jọ òdòdó. Ohun tí Àǹtí Àdùkẹ́ sọ gẹ́lẹ́. Ẹ dà á nù, kí ẹ sì fọ fìríìjì.

Ìyá_Ewéko_Leeds

Ẹ rọra, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mo kà ní Ifẹ̀ kí n tó wá síbí, iṣẹ́ ọgbà ni mo sì ń ṣe ní Leeds. Ewé yìí kì í ṣe àjèjì sí mi. Mo ti fà á tu títí ó fi sú mi.

Àdùkẹ́, kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Artemisia kì í ṣe orúkọ ewé kan, orúkọ agboolé ni. Ẹ̀yà tó wà nínú rẹ̀ ju 300 lọ. Nítorí náà Màmá lè jàre, kí àbúrò rẹ náà jàre díẹ̀, síbẹ̀ kí ewé inú fìríìjì má wo ibà kankan.

Mẹ́ta ló máa ń rú àwọn èèyàn wa lójú. Èyí tó kún ẹ̀bá ọ̀nà àti ẹ̀bá odò níbí ni àwọn òyìnbó ń pè ní mugwort, Artemisia vulgaris. Èyí tí wọ́n ń pè ní wormwood, ìyẹn iwọ, gan-an ni Artemisia absinthium. Ẹ̀kẹta, èyí tí Màmá gbọ́ lórí rédíò, Artemisia annua ni, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, tí èèyàn kì í sábà bá pàdé nínú igbó níbí.

Ohun tí Bàbá sọ ni kó o ṣe. Já ewé kan láàárín igi. Má mú tòkè tó sún mọ́ òdòdó, torí ewé òkè máa ń kéré, kì í sì í là dáadáa, gbogbo wọn á wá jọra. Yí i padà. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú bí ẹ̀fọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun, vulgaris ni. Bí ojú àti ẹ̀yìn bá rí bí eérú, tó rọ̀ lọ́wọ́ bí aṣọ àrán, absinthium ni. Ẹnu ewé tirẹ̀ kì í mú, ó máa ń rí kìrìbìtì, nígbà tí ti vulgaris ṣe ṣóńṣó. Bí ojú àti ẹ̀yìn bá jọ tutù yọ̀yọ̀, tí kò sí irun tó ṣeé fojú rí, tí ewé náà là, tó sì tún là nínú lílà bíi ti kárọ́ọ̀tì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ annua.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni kí ẹsẹ̀ rẹ ti dúró. Ewé kan wà tó fẹ́ràn ẹ̀bá odò níbí tí wọ́n ń pè ní hemlock. Ewé tirẹ̀ náà dà bíi ti kárọ́ọ̀tì, májèlé tó ń pani sì ni. Igi hemlock ń dán, kò nírun, ó ní àmì tóótòòtó aláwọ̀ àlùkò lára. Pípọ́n ti vulgaris kì í ṣe tóótòòtó. Ó máa ń gba ojú ìlà tó wà lára igi lọ gbọọrọ ni. Hemlock ń rùn bí ilé eku, òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì tẹ́ bí agboòrùn. Ẹni tí kò bá lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn mí lórí igi, kó má já ohunkóhun lẹ́bàá odò.

Kọ́lá, Ambrosia ni orúkọ ragweed tìrẹ. Ìbátan Artemisia ni, kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn ewé rẹ̀ kì í funfun báyẹn. Ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń hù ní méjì-méjì, wọ́n á kojú síra lára igi. Ti Artemisia, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, bí ọ̀kan bá yọ síhìn-ín, èkejì á yọ lókè sọ́hùn-ún. Tí o bá sì fọwọ́ ra ragweed, kì í ta sánsán bíi mugwort. Mi ò bú ẹ o, torí àtíkè òdòdó mugwort náà máa ń mú èèyàn sín.

Àdùkẹ́_Salford

Ẹ ṣé gan-an, ma. Mo ti gbé ọ̀rá náà jáde. Mo da ewé sórí tábìlì, Màmá ń wò mí bí ẹni ń wo olè. Mo yí ọ̀kan padà. Ẹ̀yin èèyàn mi, funfun! Ó funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tí wọn ò fi òróró pa nígbà ọyẹ́. Àwọn iṣan ewé nìkan ló la inú funfun náà kọjá. Mo fi èékánná ha á, ó ṣí kúrò bí òwú, ewé tútù yọ lábẹ́ rẹ̀. Irun ni lóòótọ́. Igi tí Màmá já mọ́ ọn ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ, kò sí tóótòòtó kankan.

Nítorí náà, vulgaris ni. Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ní, "Tí wọ́n bá ti jẹ́ ìbátan, iṣẹ́ kan náà ni wọn ó ṣe." Kí ni kí n fi dá wọn lóhùn?

Apòògùn_Ìlọrin

Ẹ sọ fún Màmá pé ìbátan ni ewúro àti yánrin náà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko. Ṣé ẹni tó ń wá ewúro máa gba yánrin?

Ohun tó ń pa kòkòrò ibà ni artemisinin. Inú annua ni wọ́n ti rí i. Kò sí nínú vulgaris ní ìwọ̀n tó lè ṣe nǹkan kan, kò sì sí nínú absinthium bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà tó wá a rí fúnra wọn fojú winá ọ̀rọ̀ ìyàtọ̀ ewé yìí. Ní 23 oṣù karùn-ún 1967 ni ìjọba wọn dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti wá oògùn ibà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n pè é ní Iṣẹ́ 523. Tu Youyou, obìnrin kan tó mọ ìwé ìṣègùn àtijọ́ dáadáa, wà lára wọn. Ó rí i nínú ìwé Ge Hong, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin, pé ewé qinghao dára fún ibà. Àmọ́ ewé wo ló ń jẹ́ qinghao? Ẹ̀yà Artemisia mìíràn ni àwọn ìwé ewéko fi orúkọ yẹn pè, kò sì sí artemisinin nínú rẹ̀ rárá. Annua ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìwé wọn, huanghuahao. Ẹni tó bá tẹ̀ lé orúkọ nìkan á sè é títí, kò ní rí nǹkan kan.

Ohun kejì tó gba Tu Youyou là ni pé Ge Hong kò ní kí wọ́n se ewé náà. Ó ní kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu omi rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó fura pé iná ló ń ba oògùn náà jẹ́, ló bá lo ether, kẹ́míkà olómi kan tó ń hó ní nǹkan bíi 35 lórí ìwọ̀n Celsius. Ní 1971 ló já sí i. Ní 2015 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ká tiẹ̀ ní annua ni ó wà nínú fìríìjì, mi ò ní gbà kí Màmá mu àgbo rẹ̀ fún ibà. Artemisinin inú ewé annua inú igbó kì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú ife kan, tí kò bá sì tó, kòkòrò ibà á kàn kọ́ bí a ṣe ń fara dà á ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere ní 2019 pé àwọn ò fọwọ́ sí lílo ewé Artemisia, yálà ní tíì tàbí lọ́nà yòówù, láti wo ibà tàbí láti dènà rẹ̀. Ohun tí a ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wa ni àpapọ̀ oògùn méjì, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ ti ara artemisinin wá.

Nǹkan kan tún kù tó jẹ́ ìyá tó wá láti Nàìjíríà ló kàn. Bí ara Màmá bá gbóná láàárín oṣù díẹ̀ sí i, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ òtútù. Ẹ pe 111, nọ́ńbà ìlera ìjọba yín níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé láti Nàìjíríà ni wọ́n ti dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.

Alàgbà_Ṣọlá

Ẹ jẹ́ kí n gba àbúrò Àdùkẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Iwọ wà nínú Òwe 5:4, níbi tí Sólómọ́nì ti ń sọ nípa obìnrin àjèjì pé ìgbẹ̀yìn rẹ̀ korò bí iwọ. Ó tún wà nínú Ìfihàn 8:11, ìràwọ̀ tó já sínú omi tí omi sì korò. Láti kékeré ni mo ti ń ka ẹsẹ yìí, mi ò sì rí iwọ sójú rí. Ewúro ni mo máa ń fojú inú wò.

Nígbà tí iléeṣẹ́ iná atọ́míìkì Chornobyl bú gbàmù ní Ukraine, ní 26 oṣù kẹrin 1986, ọ̀pọ̀ oníwàásù ló ní Chornobyl túmọ̀ sí iwọ, pé Ìfihàn ti ṣẹ. Èmi náà wàásù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ewéko, òótọ́ ni àbí irọ́?

Ìyá_Ewéko_Leeds

Alàgbà, ẹ ṣé tí ẹ bèèrè. Ewé inú fìríìjì Àdùkẹ́ ló ń jẹ́ chornobyl! Vulgaris ni lédè Ukraine. Dúdú ló wà nínú "chorn" yẹn, nítorí igi rẹ̀ tó dúdú tó sì pọ́n, ohun tí Àdùkẹ́ rí lẹ́bàá odò. Iwọ ní tirẹ̀, polyn ni wọ́n ń pè é, polyn náà ló sì wà nínú Bíbélì wọn. Nítorí náà ìwàásù yẹn já sí orí ìbátan, kò já sí orí ewé náà fúnra rẹ̀.

Ní ti iwọ inú Bíbélì, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ewéko ilẹ̀ Ísírẹ́lì gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Artemisia herba-alba, ewé kúkúrú aláwọ̀ eérú tó kún aṣálẹ̀ Négébù àti Sínáì. Kì í ga dé àgbọ̀n ẹnikẹ́ni. Àwọn òyìnbó tó túmọ̀ Bíbélì fi orúkọ wormwood ilé wọn pè é ni, torí kíkorò ló so wọ́n pọ̀.

Ìyàwó_Akin_Chicago

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní ọdún tí kòrónà dé, tí Madagáskà ń fi tíì Artemisia polówó, mo ra irúgbìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Annua ló wà lára páálí. Mo gbìn ín sínú ìkòkò méjì, mò ń retí igi gíga bíi ti fọ́tò. Ohun tó hù kò ga tó àyà mi, ewé rẹ̀ rí bí eérú. Mo ní bóyá oòrùn ni kò tó o. Ọkọ mi bu ewé méjì sómi gbígbóná, ó fi ẹnu kàn án, ó gbé ife sílẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó korò jogbo!

Nígbà tí yìnyín dé, mo ní ó ti kú. Ní oṣù kẹrin, ó rú láti ìdí. Ẹni tó tà á fún mi kò dá mi lóhùn títí di òní.

Ìyá_Ewéko_Leeds

Àǹtí, rírú tó rú yẹn nìkan ti tó láti sọ fún yín, láìfi ẹnu kàn án rárá. Orúkọ annua gan-an, ti ọdún kan ni. Á hù, á yọ òdòdó, á gbọn èso dànù, á kú tìdí-tìdí. Tí èyí tí wọ́n tà bí annua bá tún yọ láti ìdí kan náà lọ́dún kejì, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ.

Absinthium lẹ rà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó di ohun mímu ojoojúmọ́ o. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ thujone. Òróró rẹ̀ tó ki lè mú gìrì bá èèyàn, aláboyún kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ewé yìí ló wà nínú ọtí absinthe tí ilẹ̀ Faransé fòfin dè ní 1915.

Bí ó bá tún yọ òdòdó, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ mú orí òdòdó kan, bíńtín tó dorí kodò yẹn, ẹ fi èékánná là á sí méjì, ẹ tú àwọn òdòdó inú rẹ̀ dànù, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ tó kù. Ti absinthium nírun gígùn. Ti vulgaris àti annua dán bí orí apárí. Ẹ lo awò, ẹ má fojú lásán ṣe é.

Ọmọ_Salvador

Ní Bàhíà níbí, losna la ń pe absinthium, a sì ń pe vulgaris ní artemísia. Ọjà ewé ni mo ti ń rà á. Mi ò yí ẹ̀yìn wò rí, òórùn ni mo ń fi mọ̀ ọ́n. Ti Kúbà tiẹ̀ ló le jù: ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní artemisa tàbí altamisa níbẹ̀, Ambrosia ni, ragweed Kọ́lá. Ẹni tó bá gbé orúkọ ewé láti Kúbà wá sí Bàhíà, ewé mìíràn ni wọ́n máa gbé fún un.

Túndé_Jozi

Ẹ má gbàgbé ti Áfíríkà. Umhlonyane ni àwọn Zulu àti Xhosa ń pè é, Artemisia afra. Igi kékeré ni, ó lè ga ju èèyàn lọ, ewé rẹ̀ aláwọ̀ ewé tó pò mọ́ eérú. Àwọn ará ibí fi ń wo ikọ́ àti òtútù. Àlejò kan láti Èkó rí i nílé mi, ó pè é ní annua. Mo ní kó wo ìdí rẹ̀: igi líle ni, tó ti lo ọdún mélòó kan níbẹ̀.

Ṣadé_Peckham

Ẹ̀yìn ilé wa nìyí: ewé funfun lẹ́yìn, igi pọ́n, gbogbo rẹ̀ bá ohun tí ẹ sọ mu. Àmọ́ a ti fẹ́ parí oṣù kẹsàn-án, èyí tó wà lójú títì ti ń di búráùn, èyí kò tíì yọ òdòdó kan. Ó sì ti gba abẹ́ ògiri kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò wa.

Ìyá_Ewéko_Leeds

Ṣadé, ó fẹ́ jọ Artemisia verlotiorum, mugwort ti Ṣáínà, tó wọ́pọ̀ ní agbègbè London. Ó máa ń dúró di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá kó tó yọ òdòdó. Vulgaris kì í rìn jìnnà, ojú kan ló máa ń kóra jọ sí. Èyí, gbòǹgbò rẹ̀ ń rá kiri lábẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ. Tí o bá gé e wẹ́wẹ́ nígbà tí ò ń hú u, ṣe lo kàn gbin púpọ̀ sí i. Dúró di oṣù kẹwàá, kó o fi fọ́tò òdòdó rẹ̀ ránṣẹ́.

Kọ́lá_Maryland

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo jáde sẹ́yìn ilé láti lọ fi ragweed mi ṣe ẹ̀rí. Mo yí ewé rẹ̀ padà. Ó funfun. Mo yí òmíràn padà, ó funfun. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bú ragweed, mugwort ló wà lẹ́yìn ilé mi! Ragweed tòótọ́, mo rí i lẹ́bàá géètì, ẹsẹ̀ méjì péré, ewé ìsàlẹ̀ kojú síra wọn bí Ìyá Ewéko ṣe sọ. Mo sín níwájú méjèèjì, nítorí náà mi ò mọ èyí tí mo máa pè lẹ́jọ́.

Àdùkẹ́_Salford

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ọ̀rá ti wọ inú bíìnì ewéko. Àbúrò mi náà ti ká gúọ́gúọ́.

Ó ku ìkan. Lánàá, lẹ́bàá ògiri bíríkì iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti pa tì, Màmá tún dúró. Igi kan rèé tó rí bí eérú látòkè délẹ̀, òdòdó rẹ̀ yẹ́lò, gbogbo wọn dorí kodò. Màmá kò já a. Wọ́n fi ìka méjì di ewé kan mú, wọ́n yí i padà níbi tó wà lórí igi, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, eérú ni. Wọ́n fi ìka yẹn kan ahọ́n kí n tó lè sọ pé rárá. Ojú wọn fún pọ̀. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́, iwọ rèé. Sólómọ́nì ò purọ́ mọ́ ọn."

Nísinsìnyí, kò sí ewé tí Màmá ń bá lójú ọ̀nà tí wọn kì í yí padà. Kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, nígbà ìbùkún, ẹnu rẹ̀ la bá wọn.